Ta Ló Lè Dé Ibí? Àlàyé Lórí Àwọn Yàrá Inú Ilé Olódi Àtijọ́

Nígbà tí mo mú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ wo Tower of London, ilé olódi ọba àtijọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, a ò tíì rìn jìnnà nínú ọgbà náà tó fi fa aṣọ mi. "Àǹtí, dungeon dà?" Ó ti rí i nínú fíìmù, ó ti rí i nínú géèmù: ihò dúdú lábẹ́ ilẹ̀, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lára ògiri, eku ń sáré kiri. Mo nàka sí ilé gogoro funfun tó dúró láàárín ọgbà, mo ní, "Òun nìyẹn." Ó wò mí títí. "Ẹ ń tàn mí."

N kò tàn án. Ọ̀rọ̀ náà, dungeon, inú donjon ló ti jáde, donjon sì ni orúkọ tí àwọn Faransé àtijọ́ fi ń pe ilé gogoro tó ga jù, tó sì lágbára jù, nínú ilé olódi. Ibẹ̀ ni yàrá onílé fúnra rẹ̀ sábà máa ń wà. Nígbà tó yá, àwọn ọba àti ìjòyè kọ́ ilé mìíràn tó tù wọ́n lára jù ú lọ. Ilé gogoro àtijọ́ wá ṣófo, ògiri rẹ̀ nípọn, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Ibo ni wọn ì bá tún ti ẹlẹ́wọ̀n mọ́? Díẹ̀díẹ̀ ni orúkọ ibùgbé ọba fi di orúkọ túbú, tí ẹnu àwọn èèyàn sì sọ túbú ọ̀hún kalẹ̀ sábẹ́ ilẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tí àkọsílẹ̀ sọ pé wọ́n tì mọ́ White Tower, ilé gogoro funfun tí mo nàka sí yẹn, jẹ́rìí sí i. Bíṣọ́ọ̀bù ìlú Durham ni, Ranulf Flambard ni orúkọ rẹ̀, òun ló sì ń bá Ọba William Rufus gba owó orí lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Nígbà tí Henry Kìíní gorí ìtẹ́ lọ́dún 1100, ó ní kí wọ́n tì í mọ́lé. Kò sẹ́ni tó jù ú sínú ihò kankan. Òkè ló wà, ó ń jẹ, ó ń mu, ó tún ń ṣe àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ọ lálejò. Ní oṣù kejì ọdún 1101, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi wáìnì ránṣẹ́ sí i, wọ́n sì ká okùn sínú ohun tí wọ́n rọ wáìnì sí. Bíṣọ́ọ̀bù rọ àwọn ẹ̀ṣọ́ yó, ó so okùn mọ́ òpó tó wà láàárín fèrèsé, ó bá a sọ̀kalẹ̀, ó sì sá lọ sí Normandy, ní ilẹ̀ Faransé. Ẹni tó bá wà lábẹ́ ilẹ̀ kì í fi okùn sọ̀kalẹ̀ láti ojú fèrèsé.

Báyìí ni ọ̀pọ̀ orúkọ yàrá inú àwọn ilé wọ̀nyí ṣe máa ń ṣi wá lọ́nà. Orúkọ á kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀, á lọ jókòó síbòmíràn. Ohun kejì tó ń da ojú rú ni pé òfìfo ni àwọn yàrá náà lónìí. Ẹ ó wọlé, òkúta lẹ ó bá. Àmọ́ nígbà ayé àwọn tó ni wọ́n pàápàá, ọ̀pọ̀ yàrá ni kò ní ẹrù tirẹ̀. Ọba tàbí ìjòyè ńlá kì í fi ibì kan ṣe ilé. Ilé rẹ̀ pọ̀ káàkiri, kì í sì í pẹ́ níkankan, torí oúnjẹ àdúgbò kan kò lè tó ogunlọ́gọ̀ èèyàn àti ẹṣin jẹ fún ìgbà pípẹ́. Tí wọ́n bá fẹ́ gbéra, wọ́n á tú bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á ká aṣọ tí wọ́n ta sára ògiri, wọ́n á kó àwo fàdákà sínú àpótí, ó di orí kẹ̀kẹ́ ẹrù. Títí dòní, meubles ni Faransé ń pe àga àti tábìlì àti bẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ohun tó ṣeé gbé kiri. Yàrá tí ìjòyè sùn sí lóṣù yìí lè di ibi tí àlejò ń wọ̀ sí lóṣù tó ń bọ̀.

Nítorí náà, bí mo bá dúró nínú yàrá òfìfo bẹ́ẹ̀, mi ò kì í kọ́kọ́ bi ara mi pé kí ni wọ́n ń ṣe níbí. Ohun tí mo máa ń bèèrè ni pé: ta ló lè dé ibí? Ilẹ̀kùn mélòó ló ti kọjá? Ẹni tó bá ti wọ ààfin ọba nílé rí á tètè lóye ohun tí mò ń sọ. Gbàgede wà tí gbogbo ìlú ń dé, àgbàlá inú sì wà tó jẹ́ pé olóyè pàápàá á dúró kí wọ́n tó ní kó máa bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti ìta wọlé. Ẹ fi àmì ohùn sọ́kàn o: yàrà lẹ ó kọ́kọ́ bá kí ẹ tó dé yàrá kankan. Yàrà tiwọn náà dà bíi ti àwọn ìlú wa láyé àtijọ́, kòtò ńlá tí wọ́n gbẹ́ yí odi ká, òmíràn lómi, òmíràn gbẹ. Afárá ló ń gbé èèyàn kọjá lọ sí ẹnu ọ̀nà, ẹnu ọ̀nà yìí fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ilé odindi. Lókè ibi tí èèyàn ń gbà kọjá ni yàrá tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ àti okùn fa ilẹ̀kùn onírin sókè sódò. Nínú àjà ọ̀nà náà, ihò máa ń wà. Wọ́n máa ń sọ fún àwọn arìnrìn-àjò pé òróró gbígbóná ni wọ́n ń dà gba ibẹ̀ sórí ọ̀tá. Òróró wọ́n gan-an nígbà náà. Òkúta ni wọ́n máa ń jù, wọ́n sì máa ń da omi, torí ohun tí ọ̀tá sábà máa ń ṣe sí ilẹ̀kùn onígi ni pé kó dáná sun ún. Ẹ má ro pé ẹ̀ṣọ́ nìkan ló ń gbé lókè ẹnu ọ̀nà o. Ní ilé olódi Dover, létí òkun ní gúúsù England, inú ilé ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Constable's Gate ni ibùgbé ọ̀gá tó ń bá ọba mójú tó gbogbo ilé olódi náà wà.

Lẹ́yìn ẹnu ọ̀nà, àgbàlá ni: ilé ẹṣin, ilé alágbẹ̀dẹ, ibi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì, ibi tí wọ́n ti ń pọn ọtí. Ariwo àti ìgbẹ́ ẹṣin. Lẹ́yìn náà ni gbọ̀ngàn.

Gbọ̀ngàn ni gbogbo èèyàn lè dé. Àgbẹ̀ tó wá san owó ilẹ̀, ẹni tó wá rojọ́, ìránṣẹ́ tó ti ọ̀nà jíjìn wá, ibẹ̀ ni gbogbo wọn máa dúró sí. Ibẹ̀ náà ni gbogbo ilé ti ń jẹun pọ̀. Èyí tó tóbi jù tí mo ti wọ̀ ni Westminster Hall ní Lọ́ńdọ̀nù, tí William Rufus kọ́ lọ́dún 1097: ó gùn tó mítà 73, ó sì fẹ̀ tó mítà 20. Ààfin ni ìyẹn wà. Èyí tó yé mi jù kéré sí i dáadáa, ó wà ní Stokesay, nítòsí ààlà Wales. Oníṣòwò irun àgùntàn tó lówó púpọ̀, Laurence of Ludlow, ló kọ́ ọ ní ìparí ọ̀rúndún kẹtàlá. Láàárín ilẹ̀ gbọ̀ngàn náà, ojú ààrò olókùúta kan wà níbẹ̀ títí di báyìí. Kò sí ihò èéfín lára ògiri. Àárín ilé gan-an ni wọ́n ti ń dáná, èéfín á máa rú gba àárín igi àjà lọ sókè òrùlé. Ẹ wo àwọn igi náà dáadáa, ẹ ó rí i pé èéfín ti sọ wọ́n di dúdú.

Ibi tí èèyàn bá jókòó sí ló ń sọ irú ẹni tó jẹ́. Ìpẹ̀kun gbọ̀ngàn tó jìnnà sí ilẹ̀kùn àti sí atẹ́gùn ni wọ́n máa ń gbé ga díẹ̀, ibẹ̀ ni tábìlì onílé wà, ó kọjú sí gbogbo èèyàn. Bí o bá ṣe ń sún mọ́ ilẹ̀kùn sí ni ipò rẹ ń wálẹ̀ sí. Tábìlì àwọn yòókù, pákó ni, tí wọ́n gbé ka orí ẹsẹ̀ igi. Tí wọ́n bá jẹun tán, wọ́n á tú u, wọ́n á fi ti ara ògiri. Lálẹ́, ilẹ̀ gbọ̀ngàn yẹn kan náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ ọ̀dọ̀ ń sùn sí.

Ìpẹ̀kun kejì, níbi ilẹ̀kùn, ni mo fẹ́ràn jù, èmi kì í sì í yára kúrò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Bodiam ní Sussex, ilé tí Sir Edward Dalyngrigge gbàṣẹ kíkọ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ Ọba Richard Kejì lọ́dún 1385. Láti ìta, ó dúró sáàárín omi bíi pé àná ni wọ́n kọ́ ọ tán. Inú rẹ̀ ti wó. Àmọ́ ògiri kan ṣì dúró ní ìpẹ̀kun gbọ̀ngàn, ẹnu ọ̀nà mẹ́ta sì wà lára rẹ̀ tí wọ́n tò síra wọn. Ẹni tí kò bá mọ̀, á kọjá lọ. Ẹnu ọ̀nà mẹ́ta yìí ni wọ́n ti ń bọ́ gbogbo ilé.

Ọ̀kan jẹ́ ti buttery. Bọ́tà kò sí níbẹ̀. Àgbá ọtí ló wà níbẹ̀, àgbá yìí tí wọ́n ń pè ní butt ló sì fún yàrá náà lórúkọ. Ọtí ọkà ni wọ́n ń mu lójoojúmọ́, ọmọdé àtàgbà, wáìnì sì jẹ́ ti àwọn olówó. Èkejì jẹ́ ti pantry, orúkọ tó wá látinú pain, bí Faransé ṣe ń pe búrẹ́dì. Búrẹ́dì ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú iyọ̀ àti aṣọ tábìlì. Ẹnu ọ̀nà àárín, ọ̀nà tó lọ sí ilé ìdáná ni. Kí ló dé tí wọn ò fi kó búrẹ́dì àti ọtí sí yàrá kan náà? Torí kọ́kọ́rọ́ ni. Ọ̀gá kan ló ni búrẹ́dì, ọ̀gá mìíràn ló ni ọtí, olúkúlùkù á sì dáhùn fún ohun tó jáde lọ́dọ̀ rẹ̀. Tí ẹ bá wo ìwé ìṣirò tí àwọn akọ̀wé ilé ńlá ń kọ lójoojúmọ́ láyé ìgbà yẹn, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n pín in: iye tí pantry ná lónìí, iye tí buttery ná, iye tí ilé ìdáná ná, iye tí ilé ẹṣin ná. Ògiri tó dúró ní Bodiam yẹn, ìwé ìṣirò ni lójú mi, òkúta ni wọ́n fi kọ ọ́. Yàrá mìíràn tún wà nítòsí ilé ìdáná, larder, tí orúkọ rẹ̀ wá látinú ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹran oníyọ̀ ń wà títí òtútù á fi kọjá.

Ilé ìdáná fúnra rẹ̀, wọ́n máa ń fi í jìnnà díẹ̀ nítorí iná. Oúnjẹ á rìn kó tó dé tábìlì, ó sì ṣeé ṣe kó ti tutù. Ní Bodiam, wọ́n tún kọ́ ilé ìdáná kejì sí apá ìwọ̀-oòrùn àgbàlá fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn Dalyngrigge, torí ìkòkò ọ̀gá àti ti ọmọ ọ̀dọ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà.

Lẹ́yìn tábìlì gíga ni ilẹ̀kùn tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò ní kọjá láyé wọn. Ibẹ̀ ni yàrá onílé bẹ̀rẹ̀, solar ni wọ́n sábà máa ń pè é tó bá wà lókè. Ní Stokesay, fèrèsé kékeré méjì wà lára ògiri solar, ọ̀kan lọ́tùn-ún ojú ààrò, ọ̀kan lósì. Ẹ fi ojú síbẹ̀, gbọ̀ngàn lẹ ó máa wò nísàlẹ̀. Onílé lè kúrò láàárín àwọn èèyàn rẹ̀ kó sì tún máa rí wọn. Àmọ́ kí ẹ má fi yàrá tiwa lónìí wò ó. Bẹ́ẹ̀dì ìjòyè ni ohun tó gbówó lórí jù nínú yàrá náà, aṣọ sì yí i ká nítorí òtútù àti nítorí ojú. Ojú èèyàn kì í sì í kúrò níbẹ̀: ìránṣẹ́ kan lè sùn sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, akọ̀wé ń kọ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, àlejò pàtàkì sì lè bá a níbẹ̀ kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀ ilẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Kí wọ́n pe èèyàn wọ yàrá, iyì ńlá ni.

Ó tún ku yàrá kékeré kan tó jinlẹ̀ jù ú lọ, orúkọ rẹ̀ ló sì ń da ojú èèyàn rú jù. Garderobe lédè Faransé, wardrobe lédè Gẹ̀ẹ́sì: ibi ìpamọ́ aṣọ. Aṣọ olówó láyé ìgbà náà, owó gidi ni. Ibi tí wọ́n bá kó o sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń kó wúrà sí, àti àwo fàdákà, àti òǹtẹ̀ ọba. Ẹni tó bá mú kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ lọ́wọ́, kò pẹ́ tó fi di akápò. Nígbà tí Ọba Edward Kìíní ń bá Wales jà, tó sì ń kọ́ ilé olódi Conwy àti Caernarfon síbẹ̀ láti ọdún 1283, inú ẹ̀ka ìjọba tí wọ́n ń pè ní Wardrobe ni owó ogun ti ń jáde. Yàrá aṣọ ló di ilé ìṣúra.

Orúkọ kan náà yìí, garderobe, ni wọ́n wá ń pe ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bí àwa náà kì í ṣe dárúkọ ibẹ̀ gán-ín, tí a ń sọ pé a fẹ́ lọ sẹ́yìn ilé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn náà ṣe sọ pé àwọn ń lọ síbi aṣọ. Mo ti wọ ọ̀kan rí. Inú ògiri gan-an ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí, ọ̀nà rẹ̀ ṣe kọ́rọ́ kí òórùn má bàa padà wọ yàrá. Fèrèsé tóóró kan ló ń tan ìmọ́lẹ̀. Òkúta ni ìjókòó rẹ̀, ihò kan láàárín. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo inú ihò náà, atẹ́gùn tútù fẹ́ sí mi lójú láti ìsàlẹ̀, mo sì ń rí ìtànṣán omi yàrà. Ihò yìí ló ń gbé gbogbo rẹ̀ lọ síta. Bodiam nìkan ní bíi 28 irú rẹ̀, inú omi tó yí ilé ká sì ni gbogbo wọn ń já sí. Omi tó lẹ́wà nínú fọ́tò yẹn, ẹ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ nígbà náà.

Ilé àdúrà á wà níbòmíràn nínú ilé, kì í sábà jìnnà sí yàrá onílé. Ti White Tower, Chapel of St John, wà níbẹ̀ títí dòní, mo sì rò pé kò sí yàrá tó dára tó o nínú gbogbo ilé náà. Òkúta lásán ni, òpó kúkúrú tó nípọn, ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

Kànga náà ní àyè tirẹ̀. Ilé tí ọ̀tá dó tì, òùngbẹ ló máa kọ́kọ́ pa á. Ilé gogoro tí Henry Kejì kọ́ sí Dover ní nǹkan bí ọdún 1180 sí 1190 ní kànga tó jìn ju mítà 100 lọ, ẹnu rẹ̀ sì wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ́sì, inú ògiri tó nípọn tó mítà mẹ́fà. Páìpù òjé ló ń gbé omi láti ibẹ̀ lọ sí àwọn apá mìíràn nínú ilé. Omi ẹ̀rọ ni, ní ọ̀rúndún kejìlá.

Ẹ ó tún gbọ́ pé wọ́n yí àtẹ̀gùn sí ọwọ́ ọ̀tún kí ẹni tó ń gòkè bọ̀ má lè fi idà jà. Mi ò gbà á gbọ́ mọ́, torí àwọn àtẹ̀gùn tó yí sí òsì wà nínú ọ̀pọ̀ ilé olódi, Caernarfon wà lára wọn.

Ẹ̀wọ̀n wá ńkọ́? Ó wà. Ní 1166, Henry Kejì pàṣẹ pé kí àwọn aṣojú ọba kọ́ túbú sí ẹkùn kọ̀ọ̀kan, nínú ìlú tàbí nínú ilé olódi ọba. Àmọ́ ibi tí èèyàn ti ń dúró de ìdájọ́ ni túbú sábà máa ń jẹ́, ìjìyà fúnra rẹ̀ yàtọ̀. Èèyàn pàtàkì tí wọ́n mú lójú ogun, owó ìràpadà ni gbogbo wọn ń wò lára rẹ̀, ta ló máa jẹ́ kí irú owó bẹ́ẹ̀ kú sínú ihò? Oubliette tí àwọn amọ̀nà máa ń fi han àlejò, ibi ìgbàgbé, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ àká oúnjẹ tàbí kòtò ìgbọ̀nsẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ dán gbogbo èyí wò, ẹ lọ sí Rochester ní Kent. William de Corbeil, bíṣọ́ọ̀bù àgbà ti Canterbury, ló bẹ̀rẹ̀ ilé gogoro ibẹ̀ lọ́dún 1127. Ọba John dó tì í lọ́dún 1215: ó ní kí wọ́n gbẹ́ abẹ́ igun ilé kan, wọ́n fi igi gbé e ró, ó wá ránṣẹ́ pé kí wọ́n fi ẹlẹ́dẹ̀ 40 tó sanra jù ránṣẹ́ sóun, ọ̀rá wọn ló fi sun igi náà. Igun yẹn wó. Àwọn tó wà nínú ilé sá kọjá sí òdìkejì ògiri tó pín yàrá sí méjì, wọ́n sì ń jà lọ níbẹ̀ títí ebi fi lé wọn jáde.

Ilé náà kò ní pákó ilẹ̀ mọ́, kò ní òrùlé. Ẹ dúró nísàlẹ̀, kí ẹ gbójú sókè. Ihò kéékèèké tó tò lọ lára ògiri, ibẹ̀ ni orí igi pẹ̀tẹ́ẹ́sì ń wọ̀. Ihò tóóró tó gba àárín ògiri tó pín ilé sí méjì lọ sókè, ọ̀nà korobá ni, láti inú kànga. Níbi tí wọ́n ti ṣe òpó àti òkúta tó tẹ̀ bí ọrun lọ́ṣọ̀ọ́, tí fèrèsé sì tóbi, ibẹ̀ ni yàrá àwọn ẹni ńlá. Ẹ ó sì rí ojú ààrò kan tó dá dúró lára ògiri lókè lọ́hùn-ún, tí kò sí ilẹ̀ níwájú rẹ̀, ẹyẹlé ń wọlé ń jáde níbi tí ẹnì kan ti ń yáná.